Ta Ni Àrólé Iṣẹ́ Náà? Àlàyé lórí Pípa Àjọ CFPB Rẹ́ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

1.0 Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn olóṣèlú, àwọn amòfin àti àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 2010. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àjọ ìjọba tí a dá sílẹ̀ láti máa dáàbò bo àwọn ènìyàn tí ń yá owó, tí ń fi owó pamọ́ sí báǹkì, tàbí tí ń san gbèsè. Orúkọ àjọ yìí gùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. CFPB ni àgékúrú rẹ̀, òun náà ni a ó sì máa lò. Àwọn kan ní kí a pa àjọ náà rẹ́ pátápátá. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá pa á rẹ́ ti fa tálákà lé olówó èlé lọ́wọ́.

Kì í ṣe ète wa láti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé tọ̀tún-tòsì ni wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ náà, 'pípa rẹ́', bí ẹni pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó ní. Èrò tiwa ni pé ìtumọ̀ rẹ̀ pé méjì. A lè fi òfin pa àjọ rẹ́, kí òfin náà sì sọ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. A sì lè fi orúkọ àjọ sílẹ̀ nínú ìwé òfin, kí a wá kó òṣìṣẹ́ àti owó kúrò níbẹ̀ títí tí kò fi ní lè ṣe ohunkóhun mọ́. Nínú ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà ní àrólé. Nínú ti èkejì, kò ní. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ fi hàn, nítorí pé òun ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tí báǹkì yàn jẹ.

A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó bí àjọ náà. Lẹ́yìn èyí, a ó wo iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀sùn tí a fi kàn án. Kí a tó wá yẹ ọ̀nà méjèèjì tí a fi ń pa àjọ rẹ́ wò.

2.0 Ohun tí ó bí CFPB

2.1 Òfin wà, ṣùgbọ́n olùṣọ́ rẹ̀ kò sí

Kì í ṣe pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò ní òfin tí ó dáàbò bo ayáwó kí ọdún 2010 tó dé. Láti ọdún 1968 ni òfin ti pa á láṣẹ pé kí ayánilówó sọ iye èlé tí yóò gbà ní kedere. Ní ọdún 1994, òfin mìíràn fún Federal Reserve, tí í ṣe báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà, ní agbára láti fi òpin sí ìwà ìrẹ́jẹ nínú gbèsè tí a fi ilé dúró fún. Òfin wà nígbà náà. Ẹni tí yóò mú un ṣẹ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Àjọ ìjọba àpapọ̀ méje ni iṣẹ́ ìdáàbòbò yìí pín sí lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní iṣẹ́ mìíràn tí ó kà sí pàtàkì jù ú lọ. Fún àwọn tí ń bójú tó báǹkì, iṣẹ́ pàtàkì yẹn ni láti rí i pé báǹkì kò wó lulẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro náà wà. Báǹkì tí ń fi ìyànjẹ pa èrè rẹpẹtẹ a máa dà bí báǹkì tí ara rẹ̀ le koko lójú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí báǹkì má ṣe kú lọ. Ohun tí ń pa oníbàárà lára ni ó ń mú inú alábòójútó dùn.

Ohun kejì tí ó ba ọ̀ràn jẹ́ ni pé báǹkì lè yan ẹni tí yóò máa bójú tó o. Owó tí àwọn báǹkì ń san ni àjọ kan tí a ń pè ní OTS fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀; bí báǹkì bá ti pọ̀ sí lábẹ́ rẹ̀ ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ ayánilówó-kọ́lé ńlá nì, Countrywide, fi alábòójútó rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá sí abẹ́ OTS. Ó ṣòro kí ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn tó fẹ́ràn láti máa bá olúwarẹ̀ wí.

2.2 Gbèsè tí ó wó ilé

Irú gbèsè kan gbòde ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Èlé tí ayáwó yóò san lórí owó ilé a kéré ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ní ìparí ọdún kejì, èlé náà a yí padà, iye tí yóò máa san lóṣooṣù a sì fò sókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí ọdún kẹta yóò mú wá. Níwọ̀n ìgbà tí owó ilé bá ń lọ sókè, ayáwó lè ta ilé rẹ̀ tàbí kí ó yá òmíràn san ti àkọ́kọ́. Nígbà tí owó ilé wálẹ̀, ọ̀nà méjèèjì dí. Àwọn ènìyàn kò lè san gbèsè mọ́, báǹkì gba ilé, àwọn tí wọ́n ra ìwé gbèsè náà lọ́wọ́ báǹkì sì wọ gàù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, Lehman Brothers wó, ìṣòro náà sì kan gbogbo ayé.

Oṣù keje ọdún 2008 yìí kan náà ni Federal Reserve ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìlànà tó gbòòrò lórí agbára tí a ti fún un láti ọdún 1994. Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá. Ilé ti jó tán kí omi tó dé.

2.3 Ìmọ̀ràn Warren

Ní ọdún 2007, Elizabeth Warren, tí í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Harvard nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi gbèsè wé ẹ̀rọ tí a fi ń yan búrẹ́dì. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé ìjọba kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ tí ó lè gbiná mọ́ oníbàárà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó gbà kí a ta gbèsè tí ó lè ba ilé àti ọ̀nà ènìyàn jẹ́. Ó dábàá pé kí àjọ kan ṣoṣo wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ti oníbàárà lọ.

Ìmọ̀ràn yìí ni ó di òfin nígbà tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin Dodd-Frank ní ọjọ́ 21, oṣù keje, ọdún 2010. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21, oṣù keje, ọdún 2011, CFPB bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Richard Cordray ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Republican kò fẹ́ fọwọ́ sí i. Obama yàn án ní oṣù kìíní ọdún 2012, ó sì di oṣù keje ọdún 2013 kí Ilé Aṣòfin Àgbà tó gbà á wọlé. Láti ìkókó ni ìjà náà ti ń bá àjọ yìí dàgbà.

3.0 Iṣẹ́ tí àjọ náà ń ṣe

Iṣẹ́ mẹ́rin ni òfin fún CFPB. Èkíní ni láti ṣe ìlànà. Èkejì ni láti wọ inú báǹkì tí ohun ìní rẹ̀ ju dọ́là bílíọ̀nù 10 lọ, àti ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan tí kì í ṣe báǹkì, kí ó lọ yẹ ìwé wọn wò. Ẹ̀kẹta ni láti pe ẹni tí ó bá rú òfin lẹ́jọ́. Ẹ̀kẹrin ni láti gba ẹ̀sùn lẹ́nu oníbàárà. Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún èyí ni pé kí ẹni tí a yàn jẹ kọ ẹ̀sùn rẹ̀, kí àjọ fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, kí a sì retí èsì láàárín ọjọ́ 15. Ẹni tí ó bá ti dúró lórí ìlà báǹkì rí láti ìdájí títí di ọ̀sán, tí wọ́n ní kí ó padà wá lọ́la, yóò mọ ohun tí ọjọ́ 15 jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ mẹ́ta ṣe àlàyé.

Àkọ́kọ́ ni ti owó tí a ń yá de ọjọ́ owó-oṣù. Ènìyàn yá 100 dọ́là, yóò san 115 padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Dọ́là 15 kò tó nǹkan lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì-méjì 26 ni ó wà nínú ọdún kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀, èlé náà jẹ́ nǹkan bí 390 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Sọ́gùndógójì tí àwọn baba wa ń sá fún, ìlọ́po kan péré ni. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Ó yẹ kí a fi kún un pé òfin kò fún CFPB ní agbára láti fi gbèdéke lé iye èlé. Ohun tí ó lè béèrè ni pé kí ayánilówó ṣòótọ́, àti pé kí ó wò ó bóyá ayáwó yóò lè san án. Ní ọdún 2017 ni ó ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, lábẹ́ olùdarí mìíràn, àjọ náà fúnra rẹ̀ fagi lé apá tí ó sọ̀rọ̀ nípa agbára àtisan.

Ìkejì ni ti báǹkì Wells Fargo. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì náà ṣí àkáǹtì fún àwọn oníbàárà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé iye àkáǹtì tí wọ́n bá ṣí ni ọ̀gá fi ń wọn iṣẹ́ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, CFPB bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 100 dọ́là lé báǹkì náà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, nítorí àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, ó ní kí báǹkì náà san bílíọ̀nù 3.7 dọ́là: bílíọ̀nù 2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn oníbàárà, bílíọ̀nù 1.7 fún ìtanràn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ náà fúnra rẹ̀, ìtura tí ó ti rí gbà fún àwọn oníbàárà lé ní bílíọ̀nù 21 dọ́là.

Ìkẹta kàn wá nílé níhìn-ín. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìlànà CFPB ti pa á láṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ tí ń fi owó ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ òkèèrè sọ fún afowóránṣẹ́, kí ó tó sanwó, iye tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí ó ń ṣẹ́ owó, àti iye tí yóò tẹ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí lọ́wọ́. Ó sì tún fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti yí ọkàn rẹ̀ padà. Ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wà ní Houston tí ó ń fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ wà lábẹ́ ìlànà yìí, bí kò bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ CFPB rí.

4.0 Ẹ̀sùn tí a fi kan àjọ náà

4.1 Pé kò sí ẹni tí ó lè bi í

Ẹ̀sùn tí ó lágbára jù ni pé àjọ náà kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Olùdarí kan ṣoṣo ni ó ní. Títí di ọdún 2020, ààrẹ kò lè yọ ọ́ láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀. Kì í ṣe Ilé Aṣòfin ni ó ń pín owó fún un lọ́dọọdún, láti ọwọ́ Federal Reserve ni owó rẹ̀ ti ń wá. Àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí àwọn báǹkì má baà ti ẹ̀yìn àwọn aṣòfin fi ebi pa á.

Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà ti dá sí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, nínú ẹjọ́ Seila Law, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ààrẹ lè yọ olùdarí náà nígbà tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n wọ́n fi àjọ náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní ọ̀nà tí owó rẹ̀ ń gbà wá kò lòdì sí ìwé òfin ìpìlẹ̀. Clarence Thomas, tí kò sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀tá àwọn tí ń ta ko àjọ náà, ni ó kọ ìdájọ́ ọ̀hún. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé a lè tọ́jú ibi tí ó ń dun àjọ láìpa á. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

4.2 Pé ó sọ owó di ọ̀wọ́n fún tálákà

Ẹ̀sùn kejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́sọnù. Àwọn tí ó fi í kàn án ní bí ìlànà bá pọ̀, ayánilówó yóò fi ìnáwó rẹ̀ lé orí ayáwó, tàbí kí ó kọ̀ láti yá a lówó; ẹni tí a lé kúrò lọ́dọ̀ olówó èlé tí ó ní ìwé àṣẹ yóò lọ bá èyí tí kò ní. A kò lè sọ pé èyí kò lè ṣẹlẹ̀. Àwa tí a mọ ìtàn òṣómàáló mọ̀ pé ẹni tí ó tajà àwìn fún ni, tí ó sì ń lóṣòó dúró de owó rẹ̀, ni ó tún ń bo ìhòòhò ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn yìí, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìlànà kọ̀ọ̀kan ni ó bá wí. Kò kan bóyá kí àjọ wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, CFPB ṣe ìlànà tí yóò jẹ́ kí àwọn báǹkì ńlá lè dín owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ná kọjá ohun tí ó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ kù sí dọ́là 5. Ilé Aṣòfin dìbò ta kò ó, Ààrẹ Trump sì fọwọ́ sí ìfagilé rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. A lè gbà tàbí kí a má gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tí ó dájú ni pé ọ̀nà wà láti pa ìlànà kan rẹ́ láìpa ẹni tí ó ṣe é.

4.3 Pé ẹlòmíràn lè ṣe iṣẹ́ náà

Ẹ̀sùn kẹta ni pé àwọn ìpínlẹ̀ àti àjọ ìṣòwò ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní FTC lè ṣe iṣẹ́ CFPB. Òtítọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. FTC kò ní àṣẹ lórí báǹkì. Ìpínlẹ̀ lè pe báǹkì tí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kò lè wọlé lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ẹjọ́ pípè sì yàtọ̀ sí ìṣọ́. Ẹni tí ń ṣọ́ oko a máa rí eku kí eku tó jẹ iṣu. Ẹni tí ń pe ẹjọ́, èèpo iṣu ni ó ń kó lọ sí kóòtù.

5.0 Ọ̀nà méjì tí a fi ń pa àjọ rẹ́

5.1 Pípa rẹ́ pẹ̀lú àrólé

Òfin Dodd-Frank tí ó dá CFPB sílẹ̀ ni ó pa OTS tí a mẹ́nu bà lókè rẹ́. Òfin náà kò kàn ní kí OTS lọ. Ó ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dárúkọ ẹni tí yóò gbà á: àbójútó àwọn báǹkì lọ sọ́dọ̀ àwọn alábòójútó báǹkì mìíràn, Federal Reserve gba ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ni wọ́n, ìdáàbòbò oníbàárà sì lọ sí CFPB. Àwọn òṣìṣẹ́ bá iṣẹ́ lọ. Ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 21, oṣù keje, ọdún 2011, ni OTS gbé iṣẹ́ kalẹ̀ tí CFPB sì gbé tirẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí oníbàárà kò mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà pàápàá ti ṣe irú rẹ̀. Òfin ìfagagbága òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, fi òpin sí àjọ CPC. FCCPC tí òfin kan náà dá sílẹ̀ ni ó jogún iṣẹ́ rẹ̀.

5.2 Pípa rẹ́ láìní àrólé

Láti ọdún 2015 ni Sẹ́nétọ̀ Ted Cruz ti ń gbé àbá òfin wá láti pa CFPB rẹ́. Kò sí èyí tí ó di òfin nínú wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025 gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, a yọ Rohit Chopra tí í ṣe olùdarí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Russell Vought di adelé, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, a sì ti ọ́fíìsì àgbà pa. Àjọ náà fà sẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ó ti pè. Ní oṣù kẹta, Adájọ́ Amy Berman Jackson ní kí a dá ìtúká náà dúró. Ní oṣù kẹrin, ìjọba gbìyànjú láti dá nǹkan bí 1,500 òṣìṣẹ́ dúró nínú nǹkan bí 1,700. Ní oṣù keje, òfin ìnáwó tuntun gé owó tí àjọ náà lè gbà láti ìdá 12 sí 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí Federal Reserve fi ṣiṣẹ́ ní ọdún 2009, lẹ́yìn tí a bá ti ṣírò ọ̀wọ́n-gógó mọ́ ọn. Ní oṣù kẹjọ, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fagi lé àṣẹ Jackson. Ní oṣù kejìlá, kóòtù náà gbà kí gbogbo adájọ́ rẹ̀ tún ẹjọ́ náà gbọ́, ó sì mú ìdájọ́ oṣù kẹjọ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Nínú gbogbo èyí, Ilé Aṣòfin kò pa CFPB rẹ́. Gígé ni ó gé owó rẹ̀. Òfin tí ó ní kí àjọ náà máa gba ẹ̀sùn, kí ó máa yẹ ìwé wò, kí ó sì máa pe ẹjọ́ kò yí padà. Nítorí pé òfin kò pa á rẹ́, kò sí òfin kankan tí ó dárúkọ àrólé. Iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ ti CFPB lórí ìwé, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè sọ pé tòun ni.

Ẹjọ́ Capital One fi èyí hàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, CFPB pe báǹkì náà lẹ́jọ́ pé ó fi èlé tí ó ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ du àwọn tí ó fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Báǹkì náà sẹ́. Ní oṣù kejì, lábẹ́ ìṣàkóso tuntun, CFPB gbé ẹjọ́ náà jù sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York pe báǹkì kan náà lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnìkan gba iṣẹ́ náà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ yàtọ̀ sí àrólé. New York ní agbẹjọ́rò púpọ̀, ó sì ní owó. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó ní wọn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn ni ó tóbi tó bílíọ̀nù 2. Ẹni tí a yàn jẹ ní 35 dọ́là kò ní rí agbẹjọ́rò kankan tí yóò jà fún un.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìbéèrè náà, 'Ṣé kí a pa CFPB rẹ́ tàbí kí a má pa á rẹ́?', kò kún tó. Ìjọba tí àwọn ènìyàn yàn ní ẹ̀tọ́ láti pa àjọ tí ó bá wù ú rẹ́, bí ó bá gba ọ̀nà òfin. Àjọ kì í ṣe òrìṣà. Ẹni tí ó gbà pé àwọn ìpínlẹ̀ tàbí FTC yóò ṣe iṣẹ́ náà dáadáa jù lè mú àbá rẹ̀ wá síwájú Ilé Aṣòfin, kí ó fún FTC ní àṣẹ lórí báǹkì, kí ó sì fún àwọn ìpínlẹ̀ ní agbára láti yẹ ìwé wò. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó dárúkọ àrólé lọ.

Àìdárúkọ rẹ̀ ń dá nǹkan padà sí bí ó ti wà kí ọdún 2010 tó dé, ó tilẹ̀ burú jù ú lọ. Nígbà náà, àjọ méje ni ó ní agbára tí wọn kò lò. Nísinsìnyí, a ti gba púpọ̀ nínú agbára náà lọ́wọ́ wọn, a ti kó o jọ sí ọwọ́ ẹnìkan, a sì wá ń di ọwọ́ ẹni náà. Ọmọ wa tí ó wà ní Houston yóò ṣì máa rí iye náírà tí yóò tẹ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìwé tí a fún un, nítorí pé ìlànà náà kò kú. Ọjọ́ tí iye tí ó dé bá dín sí iye tí a kọ ni yóò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà nídìí òfin náà.